Aṣọ Ìgbéyàwó Ọmọ Ó-kù-díẹ̀

Inú ń bí mi o. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnì kan má baà sọ pé mo ń fi ẹ̀rín sọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, ó mú abẹ dání, ó fẹ́ tú síìpù ẹ̀yìn aṣọ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ọjọ́ kejì ni ìgbéyàwó. Ọmọ náà máa wá mú un tó bá kúrò níbi iṣẹ́, ó sì ti sọ níṣojú mi pé, "Màámi, tí kò bá tíì ṣe tán tí mo bá dé, aṣọ ṣọ́ọ̀bù ni mo máa wọ̀, mi ò sì ní bá yín sọ ọ̀rọ̀ aṣọ mọ́ láyé." Kò pariwo. Ọjọ́ tó parí ilé ìwé, yunifọ́ọ̀mù ló wọ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó wọ aṣọ tuntun, torí ìyá rẹ̀ ń tú tirẹ̀ lọ́wọ́ nílé.

Gbogbo àdúgbò mọ̀ pé kò sí ẹni tó mọ aṣọ rán tó ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n tún mọ̀ pé kì í parí. Ó-kù-díẹ̀ ni wọ́n ń pè é, torí ohun tó máa ń wí fún oníbàárà nìyẹn, títí oníbàárà á fi sanra ju aṣọ lọ.

Ẹni tó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀ ló jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nínú yàrá náà: ìyá wa. Aránṣọ ni Màmá náà. Láti kékeré, tí ẹ̀gbọ́n mi bá rán nǹkan, Màmá á fi àtàǹpàkò fa ojú ìrán náà, wọ́n á ní, "Ó wọ́. Tú u." Bó wọ́, bí kò wọ́, tú u. Wọn ò nà án rí, wọn ò bú u rí. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí orí ọmọ àwọn wú. Orí wo ló fẹ́ wú? Orí tí wọn ò jẹ́ kó gbé sókè rí?

Èmi rí orí ire ní tèmi, ẹ̀gbọ́n bàbá wa obìnrin ló tọ́ mi. Nígbà tí mo fọ́ àwo mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n ní, "Rọra, kó má gún ọ lẹ́sẹ̀." Ó tán. Ọkọ̀ búrẹ́dì ni mò ń wà lónìí. Tí mo bá ṣìnà, mo yí padà, mo ń bá tèmi lọ. Inú ìyá kan náà la sì ti jáde.

"Síìpù yìí wọ́," ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Màmá ni."

Mo wo Màmá. Ojú wọn ti lọ láti bí ọdún méjì; ìmọ́lẹ̀ lásán ni wọ́n ń rí. Ara mi gbóná. Àpótí kan wà lábẹ́ tábìlì tí wọ́n kó aṣọ ìgbéyàwó tiwọn sí, èyí tí wọ́n fọwọ́ ara wọn rán. Àtikékeré la ti ń gbọ́ ọ: ẹ wá wo aṣọ tó gún. Mo fà á jáde. Funfun bíi ti ọmọ náà ni. Mo gbé e lé wọn lẹ́sẹ̀.

"Màmá, a ti tún un ṣe. Ẹ fọwọ́ kàn án."

Wọ́n fi àtàǹpàkò fa ojú ìrán rẹ̀. Kò pẹ́ rárá. "Ó wọ́. Tú u."

"Aṣọ ìgbéyàwó tiyín nìyẹn, Màmá."

Mo rò pé ojú máa tì wọ́n. Wọ́n kàn ń fọwọ́ pa aṣọ náà. "Bí ìyá mi ṣe wí nìyẹn, lọ́jọ́ tí mo gbé e hàn wọ́n. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tú u."

"Ṣé ó wọ́ nígbà yẹn?"

"Mi ò mọ̀," Màmá wí. "Mi ò mọ̀ títí dòní."

Ó yẹ kí àánú ṣe mí. Kò ṣe mí, inú túbọ̀ bí mi ni. Wọ́n ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Màmá ò sá. Wọ́n gbé ejò náà lé ọmọ wọn lọ́wọ́.

Mo nawọ́ sí abẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ò fún mi. Ó jù ú sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì fúnra rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ọmọ náà wọlé. Ó gbé aṣọ wọ̀, mo fa síìpù rẹ̀ sókè, ó bá a mu wẹ́kú. Ó yíra níwájú dígí, ó dì mọ́ ìyá rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án," Màmá wí láti ìdí fèrèsé. Wọ́n ti na àtàǹpàkò.

Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ sáàárín wọn. "Rárá, mà." Mi ò gbọ́ kó sọ bẹ́ẹ̀ fún Màmá rí.

Nígbà tí ọmọ náà gbé aṣọ rẹ̀ lọ, ẹ̀gbọ́n mi sìn mí dé ìdí ọkọ̀.

"Ṣé síìpù yẹn ò wọ́?"

"Kò wọ́, Àǹtí mi. Ó dáa."

Ó di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú, kò jẹ́ kí n tì í.

"Tún un sọ."

Mo tún un sọ.