Ẹni Tí Yóò Kí Toheebat

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tí inú rẹ̀ tètè ń bí nílé ẹ̀kọ́ wa ní Ìlaròó, ẹ bi ọmọ èyíkéyìí, orúkọ mi ni yóò dá. Àǹtí Fadékẹ́mi. N kò jiyàn. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti fi ń kọ́ ọmọ, mo sì ti rí i pé kì í ṣe àwọn ọmọ ló ń bí mi nínú tó bẹ́ẹ̀, àwọn òbí wọn ni. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀gá wa pè mí ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, tó ní èmi ni kí n bá àwọn òbí múra sílẹ̀ de ọjọ́ ìdágbére àwọn ọmọ tó ń jáde, mo mọ̀ pé ìjà ló ń rán mi.

Ọdún náà kì í ṣe ọdún rere. Wọ́n ti ti bọ́dà pa láti oṣù Kẹjọ ọdún tó ṣáájú, àwọn tó ń ná ọjà òdìkejì ti di ẹni tó ń jókòó sílé. Lórí èyí ni Kòrónà tún dé, tí wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ fún oṣù bíi márùn-ún. Ìgbà tí àwọn ọmọ fi padà wá ṣe ìdánwò àṣejáde, wọ́n ti ga ju aṣọ ilé ẹ̀kọ́ wọn lọ.

Mo pe àwọn òbí jọ sábẹ́ igi máńgòrò, mo ní kí oníkálukú jìnnà sí ẹnì kejì rẹ̀, mo sì ka òfin sí wọn létí. Ọmọ kan, òbí méjì péré. Kí wọ́n lo ìbòmú. Kò sí kánópì, kò sí màlúù, kò sí ẹbí tí ń ti Abẹ́òkúta bọ̀. Aṣọ funfun ni kí àwọn ọmọbìnrin wọ̀, kí ó sì bo orúnkún. Bàbá kan bi mí bóyá òun lè mú ìyàwó òun méjèèjì wá. Mo ní kí ó kà wọ́n dáadáa, òun fúnra rẹ̀ ni ẹni kẹta. Ó rẹ́rìn-ín, ó tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun kan ṣoṣo tí a kò jẹ́ kí Kòrónà gbà lọ́wọ́ wa ni kíkí ọmọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ilé ẹ̀kọ́ wa sílẹ̀, bí wọ́n bá pe orúkọ ọmọ tó ń jáde, kì í kàn lọ gba ìwé rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Á kọ́kọ́ kúnlẹ̀ lórí ẹní níwájú, ìyá rẹ̀ á dìde, á kí i ní oríkì níṣojú gbogbo ènìyàn. Mùsùlùmí ń ṣe é, onígbàgbọ́ ń ṣe é. Ìyá tí kò bá mọ̀ ọ́n dáadáa, á yáa lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Mo ti rí àwọn ọmọ tí ojú wọn le koko, tí mo bá wí títí tí ohùn mi fi há, tí wọ́n sunkún bí ọmọ ọwọ́ lọ́jọ́ náà.

Ọmọ tó ń dààmú mi lọ́dún náà ni Toheebat. Ilobi ni wọ́n ń gbé. Bàbá rẹ̀, Sàláúdéènì Ọdẹkúnlé, ń gbin gbágùúdá. Ìyá rẹ̀, Àṣíáwù, ló ń fi í yan gààrí. Ọmọ Pobẹ ni Àṣíáwù, ní òdìkejì bọ́dà, kò sì sí ohun tó ń jẹ́ bọ́dà lójú rẹ̀ láyé ìgbà kan. Ó lè kí ìyá rẹ̀ láàárọ̀, kí ó sì se oúnjẹ alẹ́ ní Ilobi. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ìyá rẹ̀ ní oṣù Kejì, wọ́n ti ti bọ́dà, àmọ́ ẹni tó bá mọ ọ̀nà inú igbó ṣì ń rí ibi gbà. Ó lọ. Kí ó tó ní kí òun máa bọ̀, Kòrónà dé, àwọn tó ń ṣọ́nà sì dé gbogbo ẹsẹ̀ ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló gbìyànjú láti wálé, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá a padà. Oṣù keje rèé tí ọmọ kò fojú kan ìyá rẹ̀.

Bí ìpàdé àwọn òbí ṣe tú ká, Toheebat wá bá mi, ó ní kí n yọ orúkọ òun kúrò. Òun kò ní í wá lọ́jọ́ ìdágbére. Mo jágbe mọ́ ọn. Ọdún mẹ́fà tí bàbá rẹ̀ fi san owó ilé ẹ̀kọ́, ṣé kí ó wá máa gba ìwé rẹ̀ lójú fèrèsé bí ẹni tó ra jálá epo ni? Ó ní kò burú, òun á gbà á lójú fèrèsé. Mo bi í pé ṣé kò sí ìyàwó ilé mìíràn tó lè kí i ni. Ó ní wọ́n wà, wọ́n pọ̀.

“Wọ́n á kí mi, Àǹtí,” ó ní. “Ṣùgbọ́n wọn ò lè kí mi bí Màámi ṣe ń kí mi. Tí mo bá kúnlẹ̀, tí mi ò gbọ́ tiwọn, ẹkún ni máa sun, gbogbo èèyàn á máa wò mí.”

Mo ti ní èébú kan lẹ́nu fún un. Mo gbé e mì. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

Mo kọ́kọ́ gbìyànjú fóònù. Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni ti Àṣíáwù, kò lè gba ohùn sílẹ̀ kí ó fi ránṣẹ́, nítorí náà a pè é lọ́jọ́ tí a ń ṣe ìdánrawò, a sì gbé e sétí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ohùn rẹ̀ kàn ń já ni. A gbọ́ Àbẹ̀ní, orúkọ oríkì ọmọ náà, a gbọ́ ikọ́, a kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ó ń béèrè pé ṣé a ń gbọ́ òun, àwa náà ń béèrè pé ṣé ó ń gbọ́ wa. Kí n tó yíjú padà, Toheebat ti jáde lọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ilobi lọ bá bàbá rẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé ìyá ni wúrà, bàbá ni jígí. Ti Toheebat yìí, jígí náà kì í fọhùn. Bí Sàláúdéènì bá kí ènìyàn, ẹ ó rò pé wọ́n ń gba owó orí lórí ọ̀rọ̀ ni. Mo bá a níbi tó ti ń to gbágùúdá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Màmá Afeezat, sì ń bó èèpo rẹ̀. Mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún un láìbo ìkankan. Mo ní ọjọ́ márùn-ún ló kù, ọmọ rẹ̀ fẹ́ sá fún ọjọ́ ìdágbére rẹ̀, kí ó wá yan ìyàwó ilé kan tí ohùn rẹ̀ dùn, kí èmi lè bá ọmọ náà sọ̀rọ̀.

Ó gbé gbágùúdá ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. “Èmi ni máa kí i,” ó ní.

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Màmá Afeezat kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó ní ta ló gbọ́ ọ rí, pé kí bàbá dìde láàárín àwọn ìyá kí ó máa kí ọmọ, iṣẹ́ obìnrin ilé ni, ó sì rán an létí pé ẹyin lohùn, tó bá bọ́ kò ṣeé kó. Sàláúdéènì tún ń to gbágùúdá rẹ̀ lọ. Mo ní ó dáa, kí ó kí i kí n gbọ́. Ó ní rárá. Mo ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé fún un, kí ó máa kà á. Ó ní òun mọ̀ ọ́n. Mo bi í pé níbo ló ti kọ́ ọ. Ó tún ní òun mọ̀ ọ́n. Inú bí mi débi pé mo ti gun ọ̀kadà tán kí ó tó sáré tẹ̀ lé mi. Ó fẹ́ mọ ibi tí òun yóò dúró sí. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun ṣí fìlà. Ó bi mí bóyá sálúbàtà dára, àbí kí òun wá bàtà yá. Mo dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, inú mi sì ń rọ̀ bí mo ṣe ń dá a lóhùn, nítorí n kò rí òbí kan tó bi mí ní ìbéèrè gidi bẹ́ẹ̀ lọ́dún náà.

Nígbà tí mo sọ fún Toheebat pé bàbá rẹ̀ ni yóò kí i, ó wò mí títí.

“Bàbá?” ó ní. “Bàbá kì í sọ̀rọ̀.”

Mo ní èmi náà mọ̀. Ó ní kí n fi orúkọ òun sílẹ̀. Kì í ṣe pé ó gbà pé bàbá rẹ̀ yóò ṣe é. Kò kàn fẹ́ kí bàbá òun dá dúró níwájú gbogbo ènìyàn láìsí ọmọ tí yóò kí ni.

Ọjọ́ náà pé. Ọmọ méjìdínlọ́gbọ̀n ló wọ aṣọ funfun. Àwọn ìyá kí ọmọ wọn. Ìyá Husain kí tirẹ̀ pẹ́ débi pé mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe Toheebat. Ó jáde, ó kúnlẹ̀ lórí ẹní, ó tẹrí ba. Sàláúdéènì dìde láàárín àwọn obìnrin, ó ṣí fìlà, ó bọ́ ìbòmú rẹ̀, ó sì dúró. Àwọn obìnrin ń wo ara wọn, àwọn ọkùnrin ń wo bàtà wọn. Mo ti ń múra láti pàtẹ́wọ́ kí ìtìjú náà lè fò kọjá, ìgbà náà ni ó la ẹnu. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, bí ohùn ẹni tí kò fẹ́ jí ará ilé yòókù.

“Àbẹ̀ní, ọkọ mi, ṣé o jí ire?
Ọmọ Ọdẹkúnlé, ọmọ a-kọ-ebè-má-kà-á.
Àjòjì ni mí tí mo fi dé ilé yín,
Pobẹ ni mo ti wá, n ò mọ ẹnì kan.
Ìwọ lo dé tí mo fi di ìyá nílé yìí.
Àbẹ̀ní, ọkọ mi tí kò lé mi,
Dìde, ilẹ̀ ti mọ́.”

Nígbà tó kọ́kọ́ pe ọmọ rẹ̀ ní ọkọ, ẹnì kan fi imú rẹ́rìn-ín. Ìyàwó ilé ló ń pe ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ ní ọkọ, ìbáà ṣe obìnrin. Ta ló gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá rí? Nígbà tó dé ibi tó ti ní Pobẹ ni òun ti wá, òun tí wọ́n bí sí Ilobi, tí kò sùn níbòmíràn rí, ẹ̀rín ti gba gbogbo ibẹ̀. Nígbà tó ní òun di ìyá, obìnrin kan ń nu omijé ẹ̀rín. Inú bí mi sí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín, inú sì bí mi sí òun náà. Ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ ló kó sẹ́nu bó ṣe rí, kò tilẹ̀ mọ bí yóò ṣe yí i padà sí ti bàbá. Bó bá jẹ́ pé ó jẹ́ kí n gbọ́ ọ ní Ilobi ni, ìṣẹ́jú márùn-ún ni ǹ bá fi tún un ṣe.

Ìgbà náà ni Toheebat dáhùn. Kò gbé orí sókè, ó dáhùn bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ta jí.

“Mo jí ire, Màámi.”

Ẹ̀rín tán nílẹ̀. N kò lè sọ ìgbà tó tán, mo kàn mọ̀ pé mo ń gbọ́ bí ọmọ náà ṣe ń mí. Obìnrin tó ń nu omijé ẹ̀rín kò dáwọ́ nínù dúró, ṣùgbọ́n omijé mìíràn ni. Èmi náà sunkún, n kò sì ní í tọrọ àforíjì fún un lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Toheebat dìde, ó gba ìwé rẹ̀, ó lọ dúró ti bàbá rẹ̀, ó fi orí ti apá rẹ̀ títí a fi pe ọmọ tó kàn.

Lẹ́yìn ètò, mo rí Toheebat lẹ́bàá odi, ó gbé fóònù sétí, ó ń pariwo kí ìyá rẹ̀ lè gbọ́. Bàbá rẹ̀ dúró ti alùpùpù rẹ̀, ó ti dé fìlà padà. Mo lọ bá a. Mo bi í pé ibo ló ti mọ kíkí náà. Ó ní àràárọ̀ ni Àṣíáwù fi ń jí ọmọ, ó lé ní ọdún mẹ́tàdínlógún, òun a sì máa gbọ́ láti orí ibùsùn. Èmi tí n kì í lè ṣe kí n má tún ọ̀rọ̀ ṣe, mo ní ó dára, ṣùgbọ́n bàbá kì í pe ọmọ rẹ̀ ní ọkọ, àwọn ènìyàn sì rẹ́rìn-ín.

“Mo mọ̀ pé wọ́n á rẹ́rìn-ín, Àǹtí,” ó ní. “Ṣùgbọ́n ká ní mo yí i padà, èmi ni ọmọ náà ì bá gbọ́. Kì í ṣe èmi ló ń wá.”

Ó gun alùpùpù rẹ̀, ó sì jókòó de Toheebat títí ọmọ náà fi bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ tán.