Afẹ́fẹ́ Tí Fáànù Ń Fà

Mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Àbí ojú mi ni? Rárá, mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni. Nígbà tí Fọláhànmí ń jáde lọ ra búrẹ́dì, ooru ẹ̀rọ yìí kò tíì tó ọgọ́rin…

"Mọ́mì, just dey look the number. If e reach ninety, off am. But before ninety, abeg, no touch anything o!"

Àádọ́rùn-ún. Mo gbọ́. Ọmọ tí mo bí ló ń pàṣẹ fún mi, mo sì jókòó síwájú kọ̀ǹpútà bí ẹni tí wọ́n ní kó ṣọ́ ọbẹ̀ lórí iná.

Kí ni eré àsápajúdé tó ń wá gan-an? Ẹ̀rọ yìí ṣáà ń ṣiṣẹ́. Ó ní àwòrán ilé tí òun ń yà, pẹ̀lú òjìji àti ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé rẹ̀, ń pẹ́ jù kó tó yọ. Ó ní òun lè fi kún eré ọpọlọ ẹ̀rọ náà láìra òmíràn. Díẹ̀díẹ̀ ni, ó ní. Ká fi bíńtín kún un, ká fún un níṣẹ́ tó le, ká máa wo ooru rẹ̀. Bó bá gbé e, ká tún fi bíńtín kún un. Bí kò bá gbé e, ká padà sẹ́yìn.

Ó ń wúkọ́ bó ṣe ń ṣàlàyé.

Omi tútù ni. Omi tútù, àti àìtètèsùn… Ohun tí mo sọ fún Àǹtí Bọ́sẹ̀dé, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, nìyẹn, nígbà tí wọ́n pè láti Abẹ́òkúta. "Ìyàwó wa, ikọ́ oṣù mélòó nìyẹn? Jẹ́ kọ́mọ yẹn wá parí ìwé ẹ̀ lọ́dọ̀ mi." Mo ní omi tútù ni, mà. "Omi tútù kẹ̀? Ṣé inú fíríìjì ló ń sùn ni?" Wọ́n fẹ́ gbọ́ èsì mi lọ́la, kí ilé ìwé tó wọlé. Mo ti pinnu. Rárá ni. Kí ló fẹ́ lọ ṣe ní Abẹ́òkúta?

Márùndínláàádọ́rùn-ún.

Kí n ṣí fèrèsé? Ooru á jáde — eruku dúdú tó ń ti ibi tí wọ́n ti ń se epo rọ̀bì nínú igbó wá á sì wọlé. Àárọ̀ yìí ni mo nu ojú rẹ̀, àkísà náà dúdú bí ìdí ìkòkò. Gbogbo àdúgbò wa ní Elelenwo ló ń nu tiẹ̀, a kì í tilẹ̀ sọ ọ́ mọ́. Kí n má ṣí i.

Bó bá wá jóná ńkọ́… Ó ní kì í jóná. Ó ní bí ooru bá pọ̀ jù, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ á dín eré rẹ̀ kù. Ó dára bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n dúró ná. Kò tíì fi nǹkan kan kún un. Ó ní ká kọ́kọ́ mọ bó ṣe wà. Kí ló wá ń mú un gbóná tó báyìí?

Ó ti ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí ẹ̀rọ náà sílẹ̀. Mo tẹ orí ba. Fáànù ń yí. Mo fi ìka kan ẹnu ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé…

Dúdú. Ó ń yọ̀ bí òróró. Kì í ṣe eruku ọyẹ́. Ìṣojú mi ló fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín nu ibẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. "Mọ́mì, na air the fan dey draw. Anything wey dey inside the air, e go draw am join."

Yàrá kan náà. Afẹ́fẹ́ kan náà. Fáànù ní búrọ́ọ̀ṣì. Àyà ọmọ ńkọ́ —

Kì í ṣe omi tútù.

Mo mọ̀. Èmi tí mò ń fọ àkísà yẹn lójoojúmọ́, báwo ni mi ò ṣe ní mọ̀? Omi tútù ni mo dá lẹ́bi torí mo lè gba omi tútù lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì wà lọ́dọ̀ mi síbẹ̀. Bàbá rẹ̀ kì í sí nílé, ojú òkun ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Bí Fọláhànmí náà bá lọ, ta ni mo máa pariwo mọ́ pé kó wá jẹun? Èmi ni. Èmi ni mi ò fẹ́ dá wà.

Géètì dún. Òun ni. Mò ń gbọ́ bàtà rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn… ó dúró. Ó dúró láàárín, ó ń wá èémí, bí ìyá àgbà tó ti ọjà bọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún.

Màá sọ bẹ́ẹ̀ ni fún Àǹtí Bọ́sẹ̀dé. Bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún Fọláhànmí ni mi ò tíì mọ̀… Kó kọ́kọ́ gùnkè ná. Kó rọra gùnkè.