Gbólóhùn Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Lánlọ́ọ̀dù kì í gbẹ́jọ́ àfi lédè Òyìnbó. Ìyẹn ló gbé Ìyá Télọ̀ dé kíláàsì èdè Òyìnbó ti tíṣà tó ń gbé lókè ilé rẹ̀, ẹni tó ń da omi ìfọṣọ sí i lẹ́nu ọ̀nà láràárọ̀.

Tíṣà ní kí wọ́n wí i tẹ̀lé òun lédè Òyìnbó: "Àdúgbò mi mọ́ tónítóní. Àwọn aládùúgbò mi láàánú."

Gbogbo kíláàsì wí i. Ìyá Télọ̀ nìkan ni kò wí i.

"Ìyá, ṣé ẹ ò gbọ́ ni?"

"Mo gbọ́. Irọ́ ni. Báwo ni wọ́n ṣe ń sọ pé ẹni tó ń gbé lókè ilé mi ń da omi ìdọ̀tí sí mi lẹ́nu ọ̀nà?"

"Kò sí nínú ìwé."

"Ẹ kọ ọ́ sójú pátákó. Ẹ̀yin lẹ ń dà á, ẹ̀yin náà lẹ máa kọ́ mi bí mo ṣe máa fẹjọ́ yín sùn."