Ìpàtẹ́wọ́ Àwọn Ará Etí Omi

Rúlà tí wọ́n ń pe ọkùnrin yìí, kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ o. Àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ ló fún un, torí ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, á sì máa nàró gbọnrangandan bí ẹni tí kò lè tẹ̀ láéláé. Òun ló ń ya máàpù ní ọ́fíìsì ètò ìlú. Ìlú kékeré ni, àmọ́ ìlú kékeré náà ní ìwé ńlá kan tó ń sọ ibi téèyàn lè kọ́lé sí àti ibi tí kò gbọdọ̀ kọ́ ọ sí. Ogún ọdún, ogún ọdún ni wọ́n ń tún ìwé náà ṣe, ọdún tó kàn án sì nìyí. Lórí tábìlì Rúlà, ibi tí wọ́n bá kùn ní yẹ́lò, ilé ni. Ibi tí wọ́n bá kùn ní gíríìnì, koríko àti igi ni. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ to bíríkì lé bíríkì níbẹ̀ mọ́.

Nǹkan méjì ni ìwé tuntun náà fẹ́ ṣe. Ó fẹ́ sọ Etí Omi, àdúgbò tó wà nísàlẹ̀ lẹ́bàá odò, di gíríìnì, torí omi ń wọlé bá wọn níbẹ̀. Ó sì fẹ́ kọ́ ilé alájà mẹ́rin-mẹ́rin sórí òkè kí àwọn ará Etí Omi lè ríbi kó lọ.

Bẹ́ẹ̀, Etí Omi ni ẹ̀gbọ́n Rúlà obìnrin ń gbé. Aránṣọ ni. Òun ló tọ́ Rúlà dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú, nínú yàrá iwájú tí maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ wà títí dòní. Ògiri ẹ̀yìn ilé náà ti lanu látìgbà òjò tó kọjá. Igi méjì tí bàbá kápẹ́ńtà, aládùúgbò rẹ̀, fi tì í ni kò jẹ́ kó wó. Ohun tí obìnrin yìí ń fẹ́ láyé ò ju kí ọ́fíìsì fún un láṣẹ kó tún ògiri rẹ̀ mọ, kó máa ránṣọ rẹ̀ lọ. Kò fẹ́ òkè, kò fẹ́ alájà mẹ́rin. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti ń dùn ún.

Àwọn ará orí òkè ni wọ́n kọ́kọ́ pè sípàdé. Háà, ẹ ò rí nǹkan! Àwọn èèyàn pàtàkì-pàtàkì! Dókítà eyín kan gun orí àga, ó ń pariwo pé kò sẹ́ni tó máa kọ́lé gogoro sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun kó máa yọjú wo yàrá òun. Ìyá kan da omi sórí máàpù, ó ní ọwọ́ òun ló ṣèèṣì. Irọ́ ni! Ọ̀gá ọ́fíìsì ò ráyè sọ gbólóhùn mẹ́ta tó délẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé ọ́fíìsì, ojú ọ̀gá pọ́n bí ata.

"Àwọn aláìlẹ́kọ̀ọ́!" ló ń wí. "Wọ́n á mọ̀ pé èmi ni mo wà níbí!"

Rúlà gbọ́ ọ, ó rò pé òun ti mọ ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Ọlọ́gbọ́n ayé! Ó ṣe bí ìbínú ọ̀gá ló ń ya máàpù. Lọ́jọ́ kejì, bó ṣe kúrò níbi iṣẹ́, ó di ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Òun nìkan ló bá sọ̀rọ̀, torí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ò gbọdọ̀ gba ará ìlú nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ ìpàdé. Lílé ni wọ́n ń lé ẹni tí wọ́n bá mú.

"Àǹtí mi, tẹ́ ẹ bá dé gbọ̀ngàn fún ìpàdé tiyín, kí ẹnikẹ́ni má pariwo. Ẹ wọ aṣọ tó mọ́. Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá sọ̀rọ̀ tán. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan ṣoṣo dìde, kó sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fún gbogbo yín."

"Tó bá ń sọ ìsọkúsọ ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Àwọn orí òkè bú u, wọ́n ti ba tiwọn jẹ́."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó bí ẹni tó ń wo aṣọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán. "Òótọ́ ni. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Màá sọ fún wọn. Mi ò ní dárúkọ ẹ."

Ó sì sọ fún wọn bí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Obìnrin afọṣọ tó ń gbé òdìkejì ọ̀nà ní òun ò mọ̀ bóyá ẹnu òun á gbà fún òun láti dákẹ́, wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sì gbà.

Lọ́jọ́ ìpàdé, ẹ bá wọn níbẹ̀, gbogbo wọn mọ́ tónítóní, wọ́n jókòó wọ́ọ́rọ́wọ́. Rúlà dúró lẹ́yìn, ó di máàpù mú. Ọ̀gá gbé àwòrán kan sára ògiri: odò, igi, bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi, ìyá kan tó ń fi kẹ̀kẹ́ ti ọmọ kiri. Ó rẹwà, ká má parọ́. Ọ̀gá sọ̀rọ̀, sọ̀rọ̀, títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó parí, àwọn ará Etí Omi pàtẹ́wọ́ fún un.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá dìde sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn tó sì sọ ọ́ tán, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún wàhálà ẹnu rẹ̀, wọn ì báà gbà á gbọ́, wọn ì báà má gbà á gbọ́. Ọmọlúàbí ni wọ́n kà á sí. Akọ̀wé ọ́fíìsì tẹrí ba, ó ń kọ nǹkan sílẹ̀.

Bàbá kápẹ́ńtà dìde. Ó kí wọn, ó tún wọn kí. "Inú wa dùn pé ẹ rántí wa. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kẹ́ ẹ fẹ gọ́tà fún wa, kẹ́ ẹ sì jẹ́ ká máa tún ilé wa ṣe níbi tá a wà."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ọ̀rọ̀ yín dáa gan-an, bàbá. Ọ̀rọ̀ gọ́tà, ọ́fíìsì mìíràn ló ni ín. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀."

Wọ́n tún pàtẹ́wọ́! Yéè! Inú Rúlà ń dùn lẹ́yìn níbẹ̀, ó ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé wọ́n ṣe dáadáa.

Ní ọjọ́ kejì, ọ̀gá pè é. "Yọ àwọn ilé alájà mẹ́rin yẹn kúrò lórí òkè. Fi ibẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà."

"Ṣùgbọ́n, sà, ẹ ní wọ́n á mọ̀ pé..."

"Ṣé o fẹ́ kí wọ́n gbé mi lọ sílé ẹjọ́ ni? Àwọn yẹn ò ní dákẹ́ láéláé. Etí Omi ní tiẹ̀, gíríìnì. Wo ohun tí akọ̀wé kọ: wọ́n gbà á tayọ̀tayọ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Èèyàn dáadáa ni wọ́n."

"Ibo ni wọ́n wá máa kó lọ, sà?"

"Ta ló ń lé wọn? Kí wọ́n máa gbé ibẹ̀. A ò kàn ní fún wọn láṣẹ àtúnṣe mọ́ ni." Ìyẹn ni pé ògiri tó bá wó ti wó nìyẹn, títí gbogbo ilé á fi wó, títí koríko á fi hù.

Rúlà sún mọ́ ọn. "Bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fúnni níbẹ̀ nìyẹn, sà. Kì í ṣe pé wọ́n gbà."

Ọ̀gá gbójú sókè. "Báwo lo ṣe mọ̀? Ṣé o lẹ́bí níbẹ̀ ni?"

"Rárá, sà."

Ó padà sídìí tábìlì, ó mú búrọ́ọ̀ṣì. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò ju èékánná lọ lórí máàpù yẹn. Ó kùn ún, ó sì jókòó tì í títí ó fi gbẹ.

Nírọ̀lẹ́, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nídìí maṣíìnì. "Ṣé wọ́n ti fọwọ́ sí i kí n mọ ògiri mi?" lohun tó kọ́kọ́ bi í. Rúlà sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ó kù díẹ̀ kó sunkún. Èyí tó sọ fún ọ̀gá nípa ẹbí nìkan ni kò lè sọ.

Obìnrin náà gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí maṣíìnì. "Àwọn tó gun àga wá ńkọ́?"

"Wọ́n fi tiwọn sílẹ̀ fún wọn."

"Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́." Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè rárá. "Mo ti mọ òwe yìí kí wọ́n tó bí ẹ. Mo pa á tì, mo gba tìẹ."

"Ẹ má bínú, Àǹtí mi."

"Inú ò bí mi. Ó dùn mí ni. Ó dùn mí gan-an."

"Ẹ jẹ́ kí n lọ sọ fún wọn pé èmi ni mo ní kẹ́ ẹ..."

"Kí wọ́n lé ẹ níbi iṣẹ́? Ṣé ẹni méjì ni yóò ṣòfò nínú ilé kan ni? Ẹnu mi ni wọ́n ti gbọ́ tàkọ́kọ́, ẹnu mi náà ni wọ́n á ti gbọ́ èyí. O ò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìyàwó ẹ pàápàá, má sọ fún un."

Ó yẹ kó kọ̀. Ọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun, tó lọ́mọ nílé, ó yẹ kó ní, "Rárá, Àǹtí mi, mi ò ní gbà." Ó kàn mi orí ni, ó ní, "Ẹ ṣé, mà." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wé gèlè, ó gba ilé bàbá kápẹ́ńtà lọ, Rúlà sì gba ojú títì lọ.

Kò tíì rìn jìnnà tó fi gbọ́ ohùn obìnrin afọṣọ: "Ìwọ lo ní ká má pariwo! Ta ló rán ẹ sí wa?" Ohùn bàbá kápẹ́ńtà tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ohùn àwọn ọkùnrin, àwọn obìnrin, ilẹ̀kùn ń ṣí níbí, ó ń ṣí lọ́hùn-ún. Gbogbo ariwo tí wọ́n gbé mì ní gbọ̀ngàn, orí obìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n wá ń da á sí. Rúlà dúró, ó dẹtí, bóyá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á dárúkọ òun. Kò dárúkọ rẹ̀. Rúlà bá tirẹ̀ lọ.