Ìdajì Màlúù

Mincho gbọn fìlà onírun tí wọ́n kó ìwé ìpín sí dáadáa, ó sì nà án sí Zlata, ìyá Radoslav. Zlata ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó fa ìwé pélébé kan yọ. Kò mú awò ojú wá, Mincho tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ tó ń pín ẹran oko àjùmọ̀ní abúlé ló bá a kà á.

"Ìyá Dókítà, ìdajì màlúù ni tiyín. Gencho ló ni ìdajì kejì."

Àwọn tó wà lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan béèrè bóyá ìdajì tó ní ọmú ni wọ́n fún un ni, àbí èyí tó ń jẹ koríko. Gencho aládùúgbò rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò ní koríko, òun kò ní ibùjẹ ẹran, kí wọ́n fún òun ní ẹran òun kí yìnyín tó dé. Zlata wo ọmọ rẹ̀ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ayàwòrán tó mú wá. Radoslav bojú wo ibòmíràn.

Olùkọ́ ni Dókítà Radoslav tẹ́lẹ̀, ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì ní Sofia, olú ìlú wọn. Nígbà tí ìjọba àtijọ́ ṣubú tí búrẹ́dì di àwátì, àwọn oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wá ẹni tó lè ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fún aráàlú, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Kí ó tó mọ̀, ó ti di igbákejì mínísítà, orúkọ rẹ̀ sì ti wà nínú ìwé ìdìbò. Ó wà lára àwọn tó kọ òfin tó ní kí wọ́n tú gbogbo oko àjùmọ̀ní ìjọba àtijọ́ ká, kí kálukú gba tirẹ̀. Olórí ẹgbẹ́ sọ fún un pé bí agbègbè rẹ̀ bá parí pínpín kí ìbò tó dé, ipò mínísítà di tirẹ̀. Ní ọ́fíìsì, ẹnì kan rántí pé màlúù kò ní kárí. Radoslav fúnra rẹ̀ ló dáhùn pé àwọn ará oko yóò yanjú ìyẹn láàárín ara wọn.

Nígbà tí wọ́n délé, ìyá rẹ̀ bu ọbẹ̀ ẹ̀wà fún un, ṣùgbọ́n òun kò jókòó. Láti ìgbà ọmọge ló ti ń fún wàrà ní oko náà, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò sì ra nǹkan kan mọ́. Wàrà ló kù tó lè máa jẹ. Ó ní àwọn onídajì pọ̀, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè pín màlúù sí méjì láì fi ọ̀bẹ kàn án. Kí Radoslav bá Mincho sọ ọ́, kí wọ́n fi àwọn màlúù onídajì sílẹ̀ níbi tí wọ́n wà, àwọn yóò máa fún wàrà wọn, kálukú ní ọjọ́ tirẹ̀.

"Bí mo bá dá tiyín dúró, Ìyá mi, gbogbo orílẹ̀-èdè ni yóò ní kí n dá tàwọn dúró."

"Ta ló ní kó dúró títí ayé? Títí koríko yóò fi hù ni mo wí."

Ó ti rẹ Radoslav. Ó ti sọ̀rọ̀ láti abúlé dé abúlé títí ohùn rẹ̀ fi há. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ti kọjá àtúnṣe. Irọ́ ni, ó sì mọ̀ pé irọ́ ni, nítorí tẹlifóònù wà lọ́dọ̀ Mincho, ìpè kan péré ló gbà.

Gencho pa màlúù náà lọ́jọ́ Sátidé. Zlata fi iyọ̀ sí ìdajì tirẹ̀, kò sì jẹ nínú rẹ̀. Àwọn oníṣòwò kó àwọn màlúù yòókù sínú ọkọ̀ akẹ́rù lówó pọ́ọ́kú. Kí Kérésìmesì tó dé, ilé màlúù ti ṣófo, wọ́n sì ti ká òrùlé rẹ̀ pín. Radoslav wọlé ìbò, ó di mínísítà.

Nígbà ìrúwé, ó mú àlejò méjì wá láti ilẹ̀ òkèèrè, láti báǹkì tó ń yá ìjọba lówó. Lójú ọ̀nà, wàrà kíkan ìyá rẹ̀ ló ń ròyìn fún wọn. Wọn yóò sùn níbẹ̀, wọn yóò jẹ ẹ́ láàárọ̀. Ó mọ̀ pé kò sí màlúù, nítorí náà ó ra wàrà tútù inú páálí dání láti ìgboro.

Zlata gbé wàrà náà kaná títí ó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́ débi tí ìka kékeré lè fara dà á. Ó wá mú abọ́, ó jáde láti wá ìwúkàrà wàrà, ìyẹn wàrà kíkan díẹ̀ tí yóò bù sí i kí ó lè kan, kí ó sì dì. Ní abúlé yẹn, ẹnikẹ́ni kì í ra ìyẹn. Ẹni tí tirẹ̀ bá tán yóò bu ṣíbí kan nílé kejì, yóò sì máa fi wàrà tuntun bọ́ ọ kí ó má bàa kú, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe kí wọ́n tó bí ìyá Zlata. Láti ojú fèrèsé, Radoslav rí i bó ṣe yà sí ilé Gencho, bó ṣe jáde, bó ṣe kọrí sí ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì tó ń kan ilẹ̀kùn kiri. Ó pẹ́ kí ó tó dé. Abọ́ náà mọ́ tónítóní lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kò sí," ni ó wí, ó sì rọra jókòó. "Gbogbo abúlé pátá. Wọn ò rí wàrà fi bọ́ ìwúkàrà nígbà òtútù, ló bá kú."

Kò bínú rárá. Ìyẹn gan-an ló dun Radoslav jù.

"Bi àwọn àlejò rẹ wò, Rado. Bóyá ó ṣì kù díẹ̀ nílùú tiwọn, kí wọ́n bá wa fi ránṣẹ́."

Àwọn àlejò náà rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ìyá àgbà, wọ́n wá kọjú sí mínísítà kí ó túmọ̀ ohun tó sọ. Radoslav ní ìyá òun ń kí wọn káàbọ̀ ni.