Oṣù Méjì-Méjì

Ọjọ́ kejìdínlógójì rèé tí Ṣukri ti ṣubú nídìí ẹ̀rọ ìhunṣọ rẹ̀ tí kò sì dìde mọ́. Ẹ̀rọ náà kò tíì sinmi. Nílé iṣẹ́ òwú yẹn, létí odò Náílì, bí ahunṣọ bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní í máa bá a ṣiṣẹ́ fún ogójì ọjọ́ kí owó iṣẹ́ rẹ̀ lè dé ọwọ́ opó. Nágwà, ìyá Haná, ni ẹ̀rọ Ṣukri kàn.

Kókó òwú ló ń dẹ́rù bà á. Bí òwú bá já, kó tó nawọ́ sí i, á rí i pé wọ́n ti so ó, kókó náà á sì yí sápá òsì. Ọlọ́wọ́ òsì ni Ṣukri.

"Máa kí i kó o tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ ẹ̀," ni Bàbá Rizq, àgbà wọn, wí. "Àbí o fẹ́ kó gbá ẹ létí ni?"

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kí i, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ jẹ ẹ̀wà ẹ̀ lọ́jọ́ tó kú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́.

Nígbà tó di agogo mẹ́wàá, Ẹnjiníà Wagdi, ọ̀gá àgbà, gbé ìwé ẹ̀bùn ọdún wá. Nágwà ni aṣojú òṣìṣẹ́. Bí kò bá fọwọ́ sí gbogbo ojú ìwé náà, kò sẹ́ni tí yóò gba ohunkóhun.

"Owó oṣù méjì-méjì," ni ọ̀gá wí, "látorí èmi dórí agbálẹ̀. Mi ò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Àbí irọ́ ni, Ìyá Haná?"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọdọọdún ni wọ́n ń pa á. Àwọn aṣojú kì í ka ojú ìwé ìkẹyìn, ti àwọn ọ̀gá. Wọ́n kàn máa ń fọwọ́ sí i ni. Nágwà kà á. Oṣù kan ahunṣọ jẹ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún pọ́n-ùn. Oṣù kan ọ̀gá jẹ́ ìlọ́po rẹ̀ lọ́nà méjìdínlọ́gọ́ta. Oṣù méjì ọ̀gá, oṣù mẹ́rìndínlọ́gọ́fà ahunṣọ. Ọdún mẹ́sàn-án àti oṣù mẹ́jọ.

Òun fúnra rẹ̀ ló kọ iye yẹn sínú fọ́ọ̀mù ikú Ṣukri, níbi tí wọ́n ti béèrè iye ìgbà tó fi ṣiṣẹ́.

"Ẹnjiníà, Ṣukri wà nínú ìwé yìí."

"Òkú? Ṣebí wọ́n ti yọ orúkọ ẹ̀."

"Kì í ṣe orúkọ ẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ tó ṣe níbí, látọjọ́ tó wọlé títí dọjọ́ tó ṣubú. Oṣù méjì yín ni."

"Fọwọ́ sí i, jàre!" ẹnì kan pariwo lẹ́yìn. "Ṣé òkú ló máa sanwó ilé ìwé ọmọ mi ni?"

Nágwà gbé bírò sílẹ̀. "Mi ò lè sin ín lẹ́ẹ̀kejì."

Ọ̀gá ká ìwé rẹ̀. "Ó dáa. Kò sẹ́ni tó gba nǹkan kan nìyẹn. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀."

Wọ́n yíjú sí i bí ẹni fẹ́ jẹ ẹ́ ní tútù. Bàbá Rizq nìkan ni kò wò ó. Ètè rẹ̀ ń mì.

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni tèmi," ló wí. "Oṣù mélòó ọ̀gá nìyẹn?"

Nágwà ṣírò rẹ̀. "Mẹ́fà àti díẹ̀, Bàbá."

Bàbá rọra jókòó sórí àpò òwú. "Bó bá bẹ̀rẹ̀ lóṣù kìn-ín-ní, kí oṣù keje tó dé ìdajì, ó ti gbà mí tán."

Obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fìka ka ọdún tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹni tó pariwo lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀gá ní kí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́. Wọ́n dúró láàárín ariwo ẹ̀rọ, ètè ń mì jẹ́jẹ́ bíi tàwọn tó ń ṣàdúrà létí sàréè, olúkúlùkù ń wá ibi tí ayé rẹ̀ wọlé sí nínú ọdún ẹnì kan.