Imú Ìyá Onísítóòfù

Orí ìṣáná ti kan ara páálí nígbà tí ọmọ Ìyá Onísítóòfù gbá ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ìṣáná fọ́n ká ilẹ̀.

"Màmá! Ẹ má ṣá a! Gáàsì ń jò!"

Ọmọbìnrin náà nawọ́ kọjá orí tábìlì, ó tú agolo gáàsì kúrò lára sítóòfù, ó gbé e jù sí ìta, ó sì ṣí fèrèsé méjèèjì gbayawu. Ìyá Onísítóòfù jókòó síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè. Atẹ́gùn ń fẹ́ sí i lójú, ìyẹn ó mọ̀. Ṣùgbọ́n bóyá gáàsì ni atẹ́gùn náà ń gbé jáde ni o, bóyá òórùn òdòdó ni o, kò lè sọ.

"Ọ̀fìnkìn ni," ó ní. "Ó dí mi nímú láti àná."

Nọ́ọ̀sì ni ọmọ yìí. Ó wo ìyá rẹ̀ bí wọ́n ti ń wo aláìsàn tó ní òun ti lo oògùn òun tán. "Láti àná kẹ̀? Nígbà tí mo wá lóṣù tó kọjá, ọbẹ̀ jóná mọ́ ìdí ìkòkò, ẹ jókòó tì í, ẹ ń kọ orin ìyìn. Màmá, ọ̀fìnkìn wo nìyẹn?"

Oṣù mẹ́jọ ni. Ibà kan ló dá a dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà. Nígbà tí ibà náà yóò lọ, ó kó gbogbo òórùn ayé lọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Báwo ni yóò ṣe sọ ọ́? Láti ọgbọ̀n ọdún ló ti ń tún sítóòfù ṣe fún àwọn tó ń gun òkè: àwọn awọnlẹ̀, àwọn tó ń wá oyin, àwọn olùkọ́ tó ń kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ wo àpáta. Sítóòfù kékeré ni, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tó ń ká jọ bí alákàn, tí kì í ṣàṣàyàn oúnjẹ: kẹrosíìnì lónìí, bẹntiróòlù lọ́la, gáàsì inú agolo lọ́túnla. Kí èèyàn ṣáà ti tú idẹ oníhò wẹ́wẹ́ tí kẹrosíìnì ń gbà jáde, kí ó fi èyí tí ihò rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ sí i fún gáàsì, kí ó wá wé agolo mọ́ ẹnu rọ́bà. Ìyẹn kò le. Ohun tí àwọn èèyàn ń tìtorí rẹ̀ wá ni èyí tí Ìyá máa ń ṣe kẹ́yìn. Yóò bẹ̀rẹ̀, yóò fa atẹ́gùn símú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò ní, "Ó dára," tàbí, "Ó kù síbì kan." Kò ṣì í rí. Imú-kì-í-purọ́ ni wọ́n sọ ọ́. Bí ó bá rí ẹni tó ń fi omi ọṣẹ pa oríkèé sítóòfù láti mọ̀ bóyá yóò hó, yóò ní, "Ṣé ẹ máa pọ̀n ọ́n tẹ́ ẹ bá wẹ̀ ẹ́ tán?"

Láti ìgbà ibà yẹn, òun náà ti ń lo omi ọṣẹ. Ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn títì ló ti ń lò ó.

Ọmọ rẹ̀ ti yọ òrùka rọ́bà kékeré tó wà lẹ́nu ibi tí agolo ti ń wọlé. Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Ó ti sán bí gìgísẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

"Níbo lẹ ti mú èyí?"

"Nínú ike yẹn. Méjì ni mo..."

Ìkejì wà lára sítóòfù tí alásè àwọn awọnlẹ̀ wá gbà ní ìdájí. Bàbá náà dúró tì í lórí, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́, ó ní, "Ìyá, ẹ ṣáà bá wa gbọ́ òórùn rẹ̀, kí n máa lọ." Abọ́ omi ọṣẹ wà ní yàrá. Ojú bàbá náà kò kúrò lára Ìyá. Ni Ìyá bá bẹ̀rẹ̀, ó fa atẹ́gùn òfo símú, ó ní, "Ó dára." Bàbá náà sì dúpẹ́.

"Àwọn mẹ́sàn-án ni," ó sọ fún ọmọ rẹ̀. "Òtútù wà lórí òkè. Wọ́n á ti ẹnu àgọ́ pa."

"Aago mélòó ni ọkọ̀ wọn ń lọ?"

"Mẹ́wàá."

Aago mẹ́sàn-án ti kọjá. Ọmọ rẹ̀ bu omi ọṣẹ sínú ìgò, wọ́n jáde. Ẹsẹ̀ Ìyá ń yára, ẹnu rẹ̀ ń gbàdúrà, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ń wá ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ó lè ní òun gbàgbé sípánà. Ó lè ní òun fẹ́ fi epo díẹ̀ pa ẹ̀yí sítóòfù náà, ibi tí agolo ti ń yí wọlé. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé òun náà ni yóò ru òtítọ́ ọ̀hún sáré.

Ọkọ̀ akẹ́rù ti ń kùn nínú ọgbà àwọn awọnlẹ̀. Ọ̀gá wọn, ọkùnrin gíga kan tí kì í yé ṣàwàdà, rí i lókèèrè.

"Ẹ wá wo Imú-kì-í-purọ́! Màmá, ṣé ẹ máa bá wa gòkè ni? Àyè ku ẹyọ kan lórí àpò ìrẹsì."

"Ẹ bá mi gbé sítóòfù òwúrọ̀ yìí jáde, ọmọ mi. Mo fẹ́ wo nǹkan kan."

Wọ́n wú u jáde lábẹ́ àwọn àgọ́ tí wọ́n ti ká sínú ọkọ̀. Ìyá kúnlẹ̀, ó wé agolo mọ́ ọn, ó fi omi ọṣẹ pa oríkèé náà yí ká. Gbogbo wọn tẹ orí ba, wọ́n ń wò. Ó ka oókan dé ọgọ́ta nínú ọkàn rẹ̀. Omi ọṣẹ dúró jẹ́ẹ́. Kò hó.

"Mo ti mọ̀!" Dẹ́rẹ́bà pàtẹ́wọ́. "Imú Màmá kẹ̀! Kí ló máa ṣì?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀nà ilé là sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ọlọ́run ti bò ó láṣìírí, kò ku nǹkan kan ju kí ó dìde, kí ó gbọn yẹ̀rì rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ń wo ibòmíì.

Ìyá kò dìde.

"Ẹ gbọ́. Mi ò gbọ́ òórùn mọ́. Oṣù mẹ́jọ rèé. Lówùúrọ̀ yìí, atẹ́gùn lásán ni mo fà símú fún Bàbá Alásè. Nígbà tí mo ní ó dára, mi ò mọ̀ bóyá ó dára."

Dẹ́rẹ́bà lọ pa ẹ́ńjìnnì. Alásè ṣí fìlà. "Èmi ni mo kán yín lójú, Ìyá."

"Rárá, Bàbá. Ẹ má bá mi rù ú."

Ẹ̀rín ti kúrò lójú ọ̀gá. "Èèyàn mẹ́sàn-án, Màmá."

"Mo mọ̀."

Ọ̀gá yíjú sí àwọn ènìyàn rẹ̀. "Ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò nínú yín?" Wọ́n mi orí. "Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń gun òkè, mo ṣáà mọ̀ pé Màmá ti gbọ́ ọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ìyá lára ju ìbáwí lọ. Rọ́bà lè sán lórí òkè. Kò sígbà kan, láti ọgbọ̀n ọdún, tí imú òun bá wọn débẹ̀.

"Ẹ kúnlẹ̀," ó ní.

Ó kọ́kọ́ pààrọ̀ òrùka rọ́bà náà, ó fi titun tó wà nínú àpò sítóòfù sí i. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n máa tú u, kí wọ́n máa dè é, lọ́kọ̀ọ̀kan. Dẹ́rẹ́bà wé ẹ̀yí gba ẹ̀gbẹ́. Omi ọṣẹ yọ ìfófó pùtùpùtù.

"Kí lo rí?"

"Ó ń hó, Màmá!"

"Kí lo máa ṣe?"

"Màá... màá pe Màmá."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Màmá wà nísàlẹ̀ òkè, ọmọ mi. Kí lo máa ṣe?"

"Màá tú agolo, màá gbé e jáde nínú àgọ́, màá yẹ rọ́bà wò."

"O káre."

Nígbà tí gbogbo wọn ṣe é tán, alásè tan sítóòfù. Iná búlúù dìde, ó dúró ṣinṣin. Ó gbé páànù kékeré lé e, ó da òróró sí i, ó gé àlùbọ́sà sí i kí wọ́n lè mọ̀ bí iná náà ṣe lágbára tó. Orí àwọn ọkùnrin náà gbéra lẹ́ẹ̀kan náà.

"Háà, Màmá, ẹ gbọ́ òórùn..." Ọ̀gá fọwọ́ bo ẹnu.

Fún oṣù mẹ́jọ, ní irú àsìkò báyìí, Ìyá a máa gbé imú sókè, a máa rẹ́rìn-ín músẹ́, a ní, "Ó ń ta sánsán." Lónìí kò gbé imú sókè.

"Báwo ló ṣe rí?" ó bi wọ́n.

Wọ́n wo ara wọn. "Ó dùn," ni dẹ́rẹ́bà wí.

"Ìyẹn ò tó."

"Ó kọ́kọ́ le," ni alásè wí, "bí ẹni tó bínú jí. Ó ti wá ń rọ̀ báyìí. Adùn ti ń wọ̀ ọ́ létí létí."

"Irọ́ ni," ọ̀gá ní. "Ó dà bí ìgbà téèyàn ti iléèwé dé, tó ti ẹnu ọ̀nà mọ̀ pé ìyá òun wà nílé."

Dẹ́rẹ́bà ní ti ilé tòun kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí jiyàn. Ọmọ rẹ̀ wá kúnlẹ̀ tì í, èjìká sí èjìká. Ìyá pa ojú dé.

"Ẹ máa sọ ọ́ lọ," ó ní.